Ìdí tí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé fi ń pọ́n

Ẹni tó bá gbin ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ilé tuntun sábà máa ń rí i pé ó hù dáadáa, àmọ́ kò ní pẹ́ tí kò fi ní ga mọ́, tí ewé rẹ̀ yóò sì máa pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Irúgbìn ni ọ̀pọ̀ máa ń dá lẹ́bi. Ilẹ̀ gan-an ni kò ní oúnjẹ nínú. Kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, katapílà ti ha erùpẹ̀ dúdú òkè dànù. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n dà sí ojú rẹ̀, tòun ti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù.

Nínú ilẹ̀ ọgbà tó dára, nǹkan bíi ìdá 45 nínú 100 jẹ́ yanrìn, amọ̀ àti èyí tó kúnná láàárín àwọn méjèèjì. Omi jẹ́ 25, afẹ́fẹ́ jẹ́ 25. Nǹkan bíi 5 tó kù ni ewé, gbòǹgbò àti òkú kòkòrò tó ti jẹrà. Díẹ̀ yìí ló ń gbé ìyókù ró.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Amọ̀ tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ pupa wa ni wọ́n ń pè ní kaolinite, kò sì lágbára láti di oúnjẹ ewéko mú. Òjò ńlá kan tó bá rọ̀, náítírójìn àti pòtásíọ́ọ̀mù á bá omi wọlẹ̀ lọ. Ohun tó jẹrà lè di èyí tó ju ìlọ́po mẹ́wàá ti amọ̀ yẹn mú. Ìdí nìyí tí owó fàtíláísà fi máa ń ṣòfò lórí ilẹ̀ tó ti gbó, tí ohun tó jẹrà ti tán nínú rẹ̀. Ooru wa pẹ̀lú ń mú kí àwọn kòkòrò tójú kò lè rí tètè jẹ ohun tó jẹrà náà tán, torí náà ọdọọdún la gbọ́dọ̀ máa fi kún un.

Kí ẹ lè mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ní, ẹ bu erùpẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara títí yóò fi dé ìdajì, ẹ rọ omi kún un, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, yanrìn á ti jókòó sísàlẹ̀. Èyí tó kúnná á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Omi lè dúdú tàbí kó pọ́n dọjọ́ kejì kí amọ̀ tó rọlẹ̀. Ẹ wo ojú omi: èérún ewé àti gbòǹgbò tó léfòó níbẹ̀ á fi hàn yín bóyá ilẹ̀ náà ń rí nǹkan jẹ. Tí ojú omi bá mọ́ féfé, ebi ń pa ilẹ̀ yẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni iná tí a ń dá sun ewé láràárọ̀ lẹ́yìn tí a bá gbálẹ̀ tán. Náítírójìn inú ewé náà bá èéfín lọ. Eérú tó ṣẹ́ kù ní pòtásíọ́ọ̀mù, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ṣùgbọ́n díẹ̀ nìyẹn nínú ohun tí a sun. Ẹ kó ewé gbígbẹ, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ adìyẹ jọ sí igun kan, ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ sì máa yí i po. Inú òkìtì náà á gbóná. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, á ti dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí ata, á jó gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ má sì po ìyẹ̀fun pákó nìkan mọ́ ilẹ̀, torí àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ á gba náítírójìn mọ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Jogbo, olódòdó yẹ́lò tó kún ẹ̀bá títì, dára púpọ̀ nínú òkìtì náà.

Àwọn àgbà mọ ilẹ̀ ààtàn dáadáa. Ibẹ̀ ni ata àti ẹlẹ́gẹ́dé ti máa ń so wọ̀ǹtìwọnti. Àmọ́ ààtàn ìgboro lónìí ní bátìrì, ọ̀rá àti wáyà tí wọ́n ti sun nínú. Òjé lè wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ sì lè fà á sínú ewé rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ mìíràn, kó po erùpẹ̀ tó mọ́ pọ̀ mọ́ òkìtì rẹ̀ tó ti jẹrà, kó rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì, kó sì gbin ẹ̀fọ́ rẹ̀ sínú ìyẹn.