Ọmọ Ti Gba Abẹ́rẹ́, Ìyá Ńkọ́?

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdébìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà kòkòrò HPV, èyí tí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọ̀pọ̀ òbí láàárín wa ti mú ọmọ wọn lọ, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí ẹ mú wọn lọ ńkọ́?

Àìsàn yìí kì í yára. Láti ìgbà tí kòkòrò bá wọ ara títí jẹjẹrẹ yóò fi yọjú lè tó ọdún 15 sí 20. Bí a bá ní kí a dúró wo ètò àyẹ̀wò tí ó dára jù, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò ti darúgbó. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Wọ́n á dá àwọn obìnrin àfarawé sínú rẹ̀: a bí wọn, wọ́n dàgbà, àwọn kan kó kòkòrò, ọ̀pọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan ṣàìsàn. Wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: bí a bá yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ńkọ́? Lẹ́yìn náà, wọ́n á ka iye tí ó kú.

Ẹ jẹ́ kí a tètè sọ ọ́: èyí kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì. Ohun tí a bá fi sínú kọ̀ǹpútà ni yóò fi ṣírò; bí ìyẹn bá wọ́, èsì á wọ́. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lo ìṣirò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí orílẹ̀-èdè 78 tí owó wọn kò pọ̀, tiwa náà sì wà lára wọn.

Èsì náà jáde ní 2020. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdébìnrin nìkan, nígbà tí yóò bá fi di 2030, ikú tí àìsàn yìí ń fà yóò dín ní nǹkan bí ìdá 0.1 péré nínú 100. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ kò tíì dé ọjọ́ orí tí àìsàn náà ń pani. Ṣùgbọ́n bí ìdá 70 nínú 100 àwọn obìnrin bá ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún 35 àti 45, tí a sì tọ́jú wọn, ikú náà yóò dín ní nǹkan bí ìdá 34. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ní gbogbo ayé ẹni! Iye ìgbà tí a ń dá aṣọ ẹbí lọ́dún kan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má fo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yẹn o. Àyẹ̀wò tí a kò padà lọ gba èsì rẹ̀, tàbí tí ọkọ sọ pé kò sówó ìtọ́jú, kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ikú. Àwọn tí ó ní kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ dúró di ọdún 35. Ọdún 25 ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti ìtìjú, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè: níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe àyẹ̀wò HPV, obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò.