Lẹ́tà Tí Google Kò Rí

Lọ́dún 2010, Yunifásítì Ìlọrin ń yangàn. Webometrics, ètò tí àwọn onímọ̀ kan ní Spéènì dá sílẹ̀ lọ́dún 2004 láti máa to àwọn yunifásítì àgbáyé sí ipò, ti gbé e sí ipò kìíní ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó wá di ọ̀gá àgbà JAMB, ni gíwá ibẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó kàwé jáde ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ á ti máa béèrè pé, “Ìlọrin kẹ̀?”

Webometrics kò wọ kíláàsì ẹnikẹ́ni o. Ìkànnì ayélujára ilé ẹ̀kọ́ ló ń wọ̀n. Nígbà náà, ìdajì máàkì wà fún líǹkì tí àwọn ìkànnì mìíràn fi tọ́ka sí ti yunifásítì náà. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún wà fún iye ojú ìwé tí Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí níbẹ̀, 15 fún fáìlì bíi PDF, 15 tó kù fún iṣẹ́ ìwádìí.

Ibẹ̀ ni Unilorin Bulletin ti wọ ọ̀rọ̀, ìwé ìròyìn tí yunifásítì náà ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ta ni wọ́n gbé ga, ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló sọ̀rọ̀, àlejò wo ló wá kí gíwá. Tó bá jẹ́ bébà nìkan ni, wọn yóò fi di ẹ̀pà gbẹ̀yìn ni. Tó bá jẹ́ íméèlì nìkan ni, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á kà á, ó parí. Àmọ́ tí PDF rẹ̀ bá ti wà lórí ìkànnì, ó di ohun tí Webometrics ń kà mọ́ máàkì yunifásítì náà nígbà náà. Mi ò ní Bulletin ló gba ipò kìíní fún wọn. Líǹkì wúwo jù ú lọ fíìfíì.

Líǹkì yìí náà ni Google fi bẹ̀rẹ̀. Larry Page àti Sergey Brin dá a sílẹ̀ lọ́dún 1998 lórí èrò pé ojú ìwé tí ọ̀pọ̀ ìkànnì bá jẹ́rìí sí ló yẹ kó ṣíwájú. Kò pẹ́ tí ẹ̀rí èké fi di ọjà títà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Google gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Penguin jáde, ó sì ti àwọn tó ń ra líǹkì sẹ́yìn. Ó wá di dandan kéèyàn wá ẹni tí yóò jẹ́rìí láìgbowó. Íméèlì sì wúlò fún èyí.

Ẹ jẹ́ ká wo oníṣòwò aṣọ òfì kan ní Ìlọrin. Tó bá ń fi “ẹ ra ọjà” ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta ló máa dá a lóhùn? Àmọ́ kó kọ bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ kan òfì kó mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ hun yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, kó gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìkànnì rẹ̀, kó wá fi ìpínrọ̀ kan àti líǹkì ránṣẹ́. Ìyá ìyàwó kan ní London á fi han aránṣọ rẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa aṣọ ìgbéyàwó á tọ́ka sí i. Google kò rí lẹ́tà náà rárá, líǹkì tó bí ló rí.

Ìṣòro tiwa ni pé lẹ́tà jìbìtì tí wọ́n ń pè ní 419 ti bà wá lórúkọ jẹ́. Íméèlì tó bá ti Nàìjíríà wá, ìfura ló ń kọ́kọ́ bá pàdé. Òfin sì ti le. Òfin ààbò dátà tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kò fẹ́ ká máa lo àdírẹ́sì ẹni láìnídìí tó bófin mu. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó bá ń fi lẹ́tà tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn oní-Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ fún wọn láyè láti fi ìtẹ̀ kan ṣoṣo yọ orúkọ wọn. Ẹ̀sùn pé lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ játijàti kò sì gbọdọ̀ tó mẹ́ta nínú 1,000. Ẹni tó bá wá ra àdírẹ́sì Gmail 10,000 lọ́wọ́ ẹnìkan, ọgbọ̀n èèyàn péré tó bínú fẹ̀sùn kàn án lè mú kí Gmail bẹ̀rẹ̀ sí í da lẹ́tà rẹ̀ sínú pàǹtí, títí kan ti oníbàárà tó ń retí rẹ̀.