Erédò Súngbọ́: yàrà tó yí Ìjẹ̀bú ká, tí ilẹ̀ títà ń gbé mì

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ṣómólú, láti Bájùláyé dé Fọlá Àgòrò, ìwé ìpolówó ilẹ̀ kì í wọ́n lórí ẹ̀rọ. Àwọn ìwé náà jọra wọn: àwòrán géètì ńlá lókè, iye owó plọ́ọ̀tì kan lábẹ́ rẹ̀, orúkọ Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ní lẹ́tà gàdàgbà, àti máàpù kékeré lẹ́yìn tó ń fi ilé ìfọpo Dangote hàn pẹ̀lú ibi tí wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú tuntun máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò rí títì, yóò rí ọ̀sà. Ohun tí kò ní í rí ni yàrà tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ gba inú igbó Ẹ̀pẹ́ kọjá, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Erédò Súngbọ́ ni wọ́n ń pè é. Inú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà yẹn gan-an ni apá kan rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n sì ń da erùpẹ̀ rẹ̀ sí etí yàrà lápá inú títí ó fi di odi. Ní àwọn ibi tó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé góńgó odi tó 20 mítà: ilé alájà mẹ́fà lè dúró sínú rẹ̀ kí òrùlé má yọ. Láti àríwá dé gúúsù, ilẹ̀ tó wà nínú òbíríkítí rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Lónìí, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìyókù sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìlú kan àti ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè kan ti ń jẹ́ Erédò títí di òní. Patrick Darling, onímọ̀ ohun àtijọ́ láti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde tó mílíọ̀nù 3.5 kúbíìkì mítà. Ìyẹn fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan ju ohun tó wà nínú pírámíìdì ńlá Gíísà lọ. Kò sí katakata nígbà náà. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ṣe é.

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ níbi tí igbó ṣì bò ó, ohun tó kọ́kọ́ ń yani lẹ́nu ni bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe dúró ṣánṣán. Ilẹ̀ pupa ni, irú èyí tí a ń pè ní yangí, ó sì le bí ògiri ilé àtijọ́. Ewéko tútù ti bo ara rẹ̀, gbòǹgbò igi ńláńlá ń yọ́ kẹ́lẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń tutù. Àwọn igi wọ̀nyí ló ń dáàbò bò ó. Ewé wọn ń gba ọ̀pọ̀ òjò lókè kí ó tó kanlẹ̀, gbòǹgbò wọn sì di erùpẹ̀ mú. Níbi tí wọ́n bá ti gé igbó kúrò, òjò ọdún díẹ̀ ti tó láti sọ ògiri náà di ẹrẹ̀ tó ń ya lulẹ̀.

Ẹni tó bá dúró sí etí omi ní Ìlàjẹ Bàríga ń wo ọ̀nà tí ìròyìn yàrà náà gbà dé etí àwọn òyìnbó ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀sà yìí ló gbé ọkọ̀ lọ sí Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, láti ibẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Pọtogí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní àárín ọdún 1505 sí 1508 pé ìlú ńlá kan wà lókè ọ̀sà Èkó, tí yàrà ńlá yí i ká, tó pè ní Geebuu. Ó ní orúkọ ọba wọn ni Agusale. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò ní í gbọ́ Awùjalẹ̀, orúkọ oyè ọba Ìjẹ̀bú, nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé wọ́n ń fi ẹ̀gbà idẹ ra ẹrú àti eyín erin níbẹ̀. Apá yẹn náà jẹ́ ti ìtàn wa.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàrà náà dákẹ́ nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 1959 ni Peter Lloyd kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ọdún 1999 ni ìròyìn iṣẹ́ Darling wá tàn káàkiri ayé, ohun tó sì gbé e tàn ju yàrà fúnra rẹ̀ lọ ni orúkọ Bílíkísù Súngbọ́. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú sọ pé opó olówó kan ni, tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má baà parun. Ojú oórì tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Òkè-Erì nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ènìyàn sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí pé Bílíkísù ni orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí mọ ọbabìnrin Ṣébà sí, ọ̀pọ̀ gbà pé òun náà ni. Ọjọ́ orí yàrà kò bá ti ìgbà Sólómọ́nì mu rárá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí èyí fi yẹ kó dín iyì Súngbọ́ kù. Obìnrin Ìjẹ̀bú tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ kò nílò kí wọ́n yá a ní adé láti ilẹ̀ Lárúbáwá.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ihò inú ilẹ̀? Èédú ni wọ́n ń wá. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń fa irú kábọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14 sára nígbà tó wà láàyè. Ọjọ́ tó bá kú, kò fà á mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí 5,730 ọdún bá kọjá, ìdajì ló máa kù. Wọ́n á wọn èyí tó kù nínú èédú náà, wọ́n á sì mọ ìgbà tí igi rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n èédú kan kì í sọ ọ̀rọ̀ gidi àyàfi tí a bá mọ ibi tó sùn sí. Èyí tó wà lábẹ́ odi ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó da erùpẹ̀ lé e, nítorí náà odi kò lè dàgbà jù ú lọ. Èyí tí iná dá nínú yàrà, tó wà nínú pàǹtí tó ń kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Àárín méjèèjì ni ọjọ́ orí yàrà wà.

Ẹgbẹ̀rún ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún Erédò. Ìwádìí tí Gérard Chouin láti College of William and Mary ní Amẹ́ríkà àti Adìsá Ògúnfọ́lákàn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jọ darí ti wá mú un sún mọ́ wa: ìparí ọ̀rúndún 14 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15. Ìgbà yẹn ni àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àìmọye ènìyàn ní Yúróòpù àti Àríwá Áfíríkà. Chouin ti béèrè bóyá àrùn náà dé inú igbó tiwa, ó sì tọ́ka sí Akrokrowa ní Gánà, ibùdó kan tí yàrà yí ká, tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ ní ọ̀rúndún 14 yẹn kan náà. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Ohun tí yóò yanjú rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ katapílà tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ ń lò fi ká mi lára. Bí katapílà bá ti odi sínú yàrà kí ilẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ, èédú abẹ́ odi àti èédú inú yàrà ti dàpọ̀ mọ́ra. Kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Kí ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún? Tí a bá ní ogun, ta ni yóò máa ṣọ́ odi 160 kìlómítà lọ́sàn-án lóru? Ó dà bíi pé ààlà ni, kí àlejò lè mọ̀ pé òun ti dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ó sì gba ẹnu ibodè wọlé. Àwọn Ìjẹ̀bú fi owó ibodè ṣọ́ ọ̀nà òwò wọn títí di ọdún 1892 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn já a ní Ìmágbọ̀n.

Ní ọdún 1995 ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi orúkọ Erédò, pẹ̀lú ti odi Ìbìní, ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n jẹ́ kó wà lára àwọn tó ń retí àtiwọ ìwé ogún àgbáyé. Ibẹ̀ ló ṣì wà. Ilẹ̀ Sukur ní Adamawa wọlé ní 1999, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Igbó Ọ̀ṣun ní àwọn tó ń bọ ọ́, ó ní Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún un, ó sì ní ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn lè dúró sí. Erédò gùn ju ohun tí ojú ènìyàn kan lè ká lọ. Ó gba ìpínlẹ̀ méjì kọjá, ó gba oko olóko àti ilẹ̀ ọmọ onílẹ̀ kọjá, títì ti gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá rí àpólà kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ lè rò pé àgbàrá ló gbẹ́ ẹ, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ sínú rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Mes Aynak, nǹkan bí 40 kìlómítà sí Kabul ní Afghanistan, ìlú àtijọ́ kan wà tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tẹ̀ dó, tó kún fún ilé àwọn mọ́ńkì àti ère, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Orí bàbà ni wọ́n kọ́ ọ lé, bàbà náà ló sì sọ wọ́n di olówó. Ní 2008, ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìjọba Ṣáínà kan láti wa bàbà ọ̀hún, nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Àwọn onímọ̀ ohun àtijọ́ sáré wọ ibẹ̀ láti wa ohun tí wọ́n bá lè rí kí awakùsà tó dé. Ogun àti àìsí ààbò ló dá awakùsà náà dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ẹ̀pẹ́, kò sí ogun tó máa dá ẹnikẹ́ni dúró, kò sì sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a lè bá jókòó sọ̀rọ̀. Plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ láti gba Erédò là kò le rárá: kí wọ́n fi yàrà náà sórí ìwé awọnlẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní LiDAR, tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé kọjá lókè igbó. Ó ń ta ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ àìníye sísàlẹ̀, díẹ̀ nínú wọn á gba àárín ewé dé ilẹ̀, á sì padà wá sọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Òun ni wọ́n lò ní ọdún 2012 ní Angkor, ní Cambodia, tí wọ́n fi rí títì àti àdúgbò tí igbó ti bò mọ́lẹ̀. Bí Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn bá jọ san owó irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ méjèèjì lè kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé plọ́ọ̀tì èyíkéyìí tó bá gba orí Erédò kọjá. Ọmọ onílẹ̀ tó bá tà á yóò mọ ohun tó tà. Ẹni tó bá rà á yóò mọ̀ kó tó sanwó.

Iṣẹ́ kejì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú fúnra wọn, wọ́n sì pọ̀ ní Ṣómólú àti Bàríga débi pé àdúgbò kan ń jẹ́ Ìjẹ̀bú-Tẹ̀dó. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ sílé fún àjọ̀dún Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, tí regbérégbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) kọ̀ọ̀kan á wọ aṣọ kan náà kọjá níwájú Awùjalẹ̀. Ẹgbẹ́ tó lè kó irú owó aṣọ yẹn jọ lè gba àpólà yàrà kan, kìlómítà kan tàbí méjì, kí wọ́n gbé òpó ààmì sí etí rẹ̀, kí wọ́n sanwó fún ọ̀dọ́ abúlé tó máa ṣọ́ igbó orí rẹ̀, kí wọ́n sì máa mú àwọn ọmọ wọn wá wò ó. Nígbà tí awọnlẹ̀ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ kan bá gbé okùn rẹ̀ débẹ̀, yóò bá òpó níbẹ̀, yóò sì bá ẹni tó máa bi í léèrè ohun tó wá ṣe.