Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí: Dísìkì kan lè má ká iṣẹ́ ilé ìtajà

Ẹni tó bá ń tajà lójú ọ̀nà Adó-Èkìtì sí Ìjàn-Èkìtì mọ ìgbà tí ọjà máa ń yá. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic àti ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá bá ti wọlé, èrò á pọ̀ nílé ìtajà. Ìgbà yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà lè bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Agbowó á tẹ orúkọ ọjà, á dúró títí. Oníbàárà tí kò lè dúró á gbé ọjà sílẹ̀, á gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ. Owó ọ̀gá ló lọ yẹn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń dá ọmọọṣẹ́ lẹ́bi, tàbí kí wọ́n sáré lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, inú hádì dísìkì ni ìṣòro wà.

Nínú dísìkì yìí, àwo ń yí bírí, apá tín-ínrín kan sì ń lọ síwá sẹ́yìn láti wá ohun tí wọ́n bèèrè. Àwo èyí tó wọ́pọ̀ ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, bí ohun tí wọ́n ń wá bá fọ́n káàkiri, nǹkan bí ìgbà 80 sí 100 péré ni apá náà lè rí i mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Dátábéèsì ilé ìtajà sì ní àtẹ púpọ̀: àtẹ iye owó ọjà, àtẹ ọjà tí wọ́n tà, àtẹ àwọn tó jẹ gbèsè. Bí agbowó mẹ́ta bá ń tajà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀gá tún ń bèèrè ìṣirò oṣù, apá kan ṣoṣo yìí ni yóò máa sá láti àtẹ kan dé òmíràn.

Ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọlọ́jà. Ìyá tó ń ta ìrẹsì níhìn-ín, tó ń ta gàrí lọ́hùn-ún, kì í fi ọmọ kan ṣoṣo sídìí méjèèjì lọ́jọ́ ọjà. Bákan náà ni wọ́n ṣe lè gbé àtẹ iye owó sórí dísìkì kan, kí àtẹ ọjà tí wọ́n tà wà lórí èkejì, kí apá méjì lè jọ máa ṣiṣẹ́. PostgreSQL, tí kò gba owó, ti ń fàyè gba ètò yìí láti ẹ̀dà 8.0 tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005. MySQL àti Oracle náà ní ọ̀nà tiwọn. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe é. Kí ọ̀gá ṣáà mọ ohun tó yẹ kó bèèrè.

Èrò náà ti pẹ́. Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley, Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ dísìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tó bá pawọ́ pọ̀ lè ṣe ju dísìkì ńlá olówó gọbọi lọ.

Ṣùgbọ́n kí oníṣòwò ṣọ́ra. C àti D tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ dísìkì kan ṣoṣo tí wọ́n là sí méjì. Apá kan náà ló ń sin méjèèjì, kò sí èrè kankan níbẹ̀. Èkejì, bí dísìkì bá di méjì, ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́ náà di méjì. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo dátábéèsì lè kọ̀ láti ṣí. Nítorí náà, kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lálaalẹ́, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn. Kí UPS wà nídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, torí iná tó lọ lójijì.

Lóde òní, dísìkì SSD tí kò ní apá tó ń sá kiri lè dáhùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, ọ̀kan péré lè tó. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá tó náwó sí èyíkéyìí, kí ó kọ́kọ́ ní kí onímọ̀ wò ó nígbà tí èrò pọ̀, bóyá dísìkì ló ń fa ìdádúró lóòótọ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí ẹrù ti wúwo ló mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bá a gbé e.