Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Bí A Ṣe Ń Tún Ìkànnì Ẹgbẹ́ Ṣe

Níbí ní Jahi, l'Abuja, ojú wa rí nǹkan lọ́jọ́ kan. A ń tún ìkànnì ẹgbẹ́ wa ṣe lójú gbogbo ayé, a ṣèèṣì pa àmì kékeré kan rẹ́, gbogbo ojú ewé bá di òfo. Ìkéde ìsìnkú ìyá ọ̀kan nínú wa ló wà níbẹ̀. Ká tó rí i tún ṣe, ọkọ̀ tó ń lọ sílé ti ṣí, àwọn kan ò sì gbọ́ rárá.

Ọmọ wa kan tó mọ kọ̀ǹpútà ló yọ wá. Ó kó àwọn ojú ewé tí a fẹ́ tún ṣe sínú laptop, ó sì fi Nginx sí i. Ọ̀fẹ́ ni, Igor Sysoev, ará Rọ́ṣíà, ló gbé e jáde lọ́dún 2004. Tí a bá ti kọ localhost síbi àdírẹ́sì, ìkànnì wa á yọ, àwa nìkan là ń rí i.

Fọ́tò ìpàdé àtẹ̀yìnwá ńkọ́? Dátà á tán tí a bá ní ká kó gbogbo rẹ̀ wálẹ̀! Ibẹ̀ ni proxy, ìyẹn alárinà, ti wúlò. Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹ mọ̀ ọ́n ná: ohun tí oníbàárà béèrè tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù wa, a ó rán ọmọ lọ mú un ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Bẹ́ẹ̀ ni Nginx ń ṣe. Á kọ́kọ́ wo inú laptop. Tí fáìlì ò bá sí níbẹ̀, á lọ mú un wá lórí ìkànnì gidi. Àṣẹ try_files àti proxy_pass ló ń ṣe é.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Ọjà tí a yá lè dà bíi tiwa. Ẹ pa dátà, ẹ nu ohun tí bíráwúsà ti tọ́jú, kí ẹ tún un ṣí: ohun tó bá yọ ló jẹ́ tiyín. Ní March 14, 2024, tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Nàìjíríà, ohun tó wà nílé ló ṣeé gbọ́kàn lé.

Èkejì, fọ́ọ̀mù tí ẹ kún láti fi dánwò lè gba ọwọ́ alárinà dé ìkànnì gidi, kí ẹ sì kéde òkú ẹni tí ò kú. Ẹ ní kó máa mú nǹkan wá nìkan, kó má gbé nǹkan lọ.

Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn nílé, ẹ wá gbé e síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún ọmọ tó ń mójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ yín.