Àkìtàn Tó Níwèé Ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Mọ́wé tàbí Ìkòròdú mọ ohun tí ojú òun yóò rí. Yóò bá ẹbí onílẹ̀ dúnàá-dúrà, sọ̀féyọ̀ yóò wọn ilẹ̀, wọn yóò já rìsíìtì fún un. Àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò gba owó ìpìlẹ̀, wọn yóò sì tún padà wá gba ti òrùlé. Bí apá rẹ̀ bá ká a, yóò lépa C of O. Nínú gbogbo wàhálà yìí, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé, "Níbo lẹ máa máa da ìdọ̀tí yín sí?"

Láyé àwọn bàbá wa, ìbéèrè yẹn kò nídìí. Àkìtàn wà lẹ́yìn agbo ilé. Èèpo iṣu àti ewé ẹ̀kọ ni wọ́n ń dà síbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ nínú rẹ̀, adìẹ ń tan nínú rẹ̀, ìyókù jẹrà, ó di ilẹ̀dú. Nígbà tí ọ̀rá àti ike dé ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ewúrẹ́ kì í jẹ ọ̀rá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí èyí tó ń gbìyànjú.

Ẹ wo Olúṣọ́sùn ní Ọjọ́ta. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da bọ́là Èkó síbẹ̀ ní 1992, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ka ibẹ̀ sí. Ilé ń sún mọ́ ọn, ṣọ́ọ̀bù ń sún mọ́ ọn, títí àkìtàn tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún éékà fi bá ara rẹ̀ láàárín ìgboro. Iná sọ níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2018, èéfín sì bo gbogbo àdúgbò. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí ilé àti àkìtàn máa fara kanra. Ìjọba yan ibi tí bọ́là yóò wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yan ibi tí ilé tiwọn yóò wà, kò sì sí ibi tí ìpinnu méjèèjì ti pàdé. Ìwé òfin ọdún 1999 ka kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n LAWMA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀, lẹni tí ará Èkó mọ̀ mọ́ bọ́là.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ìwé ètò ilẹ̀ tí káńsù ń ṣe ni ìpinnu méjèèjì ti ń pàdé. Southwark ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni Peckham wà, níbi tí èèyàn ti lè ra èlùbọ́ kó sì fi Yorùbá ná an láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oṣù kejì ọdún 2022 ni káńsù náà fọwọ́ sí ìwé ètò ilẹ̀ tó ń lò báyìí.

Ohun tó máa ń ya àwa ará ilé lẹ́nu jù ni agbára tí ìwé yìí ní. Ní tiwa, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ Gómìnà, síbẹ̀ ẹni tó bá ti rí owó búlọ́ọ̀kù ń kọ́lé lọ. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni tiwọn. Ilẹ̀ lè jẹ́ tèèyàn, kó jogún rẹ̀ láti ìran kẹrin, ṣùgbọ́n òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1947, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1948, ti gba ẹ̀tọ́ ilé kíkọ́ kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Bí káńsù kò bá yọ̀ǹda, koríko ni onítọ̀hún yóò máa gé lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ìwé ètò bá dárúkọ ilẹ̀ rẹ̀ fún ilé ti rí owó he. Káńsù máa ń kéde pé kí àwọn tó ní ilẹ̀ wá fi í hàn. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé àwòrán jáde kí ará ìlú sọ tẹnu wọn. Kí wọ́n tó fi ìwé náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún ìyẹn. Ìjọba wá máa rán olùyẹ̀wò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù láti gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì, ó sì lè ní kí wọ́n lọ tún ibi kan kọ. Ọ̀ranyàn ni kí káńsù lè tọ́ka sí ilẹ̀ tí yóò tó ilé kíkọ́ ọdún márùn-ún. Bí kò bá lè ṣe é, ẹnu rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn mọ́ bí àwọn oníṣòwò ilé bá gbé àwòrán tí kò fẹ́ dé.

Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọ́fíìsì Méyọ̀ ló ń pín ẹrù fún káńsù kọ̀ọ̀kan. Ìwé ètò Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti 2021 bu ilé 23,550 fún Southwark láàárín ọdún mẹ́wàá. Ìwé yẹn kan náà ló bu ìdọ̀tí fún un: káńsù kọ̀ọ̀kan ní iye tọ́ọ̀nù tó gbọ́dọ̀ ní ààyè láti tọ́jú, kí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè máa dá gbé ẹrù ara rẹ̀. Ó dà bí owó ìnáwó òkú tí ẹbí ń dá, tí ẹni tó rí já jẹ máa ń bá àbúrò rẹ̀ san tirẹ̀. Southwark, Lewisham, Greenwich, Bromley àti Bexley pawọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Bexley sì ní iléeṣẹ́ ìjódọ̀tí ńlá kan létí odò Thames.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ ni òfin tó tẹ̀ lé e: ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú ìdọ̀tí kò gbọ́dọ̀ di ilẹ̀ ilé àfi bí wọ́n bá rí ààyè mìíràn tó tó o. Old Kent Road ní Southwark ni òfin yìí ti ń ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Káńsù fẹ́ kí nǹkan bí 20,000 ilé tuntun wà lágbègbè náà. Àgbègbè yẹn náà ni ilé ìtọ́jú ìdọ̀tí Southwark wà, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe gáàsì tẹ́lẹ̀. Ó ṣí ní 2012, iléeṣẹ́ Veolia ló ń ṣe àkóso rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ìwé, agolo, ike àti ìgò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá ṣeé jó ń lọ sí iléeṣẹ́ SELCHP ní Lewisham, tó ti ń sọ ìdọ̀tí di iná mànàmáná láti 1994. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni páìpù omi gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ibẹ̀ lọ sí àwọn ilé káńsù ní Southwark. Àwọn náà máa ń pẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ẹni kẹta tún wà tó ń wá ilẹ̀ náà, tiwa sì ni. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka 240 ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Southwark nìkan, Yorùbá ò sì kéré nínú wọn. Púpọ̀ wọn wà nínú ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá Old Kent Road. Owó ilé rọ̀ níbẹ̀, kò sì sí aládùúgbò tí yóò ké gbàjarè bí ìlù bá dún ní ìṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé ni àwọn kan ṣe: wọ́n bá onílé sọ̀rọ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n to àga. Onílé kì í ṣe káńsù. Láti sọ ilé ìkẹ́rùsí di ilé àdúrà, ó gba ìyọ̀ǹda, gẹ́gẹ́ bí ilé tuntun ti gbà á.

Nígbà tí ètò ilé wá dé, ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín di ẹkún. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ wá òmíràn dípò rẹ̀. Ìjọ tí kò gba ìyọ̀ǹda ò ní irú odi bẹ́ẹ̀ láti fẹ̀yìn tì. Mo gbà pé òfin tó dáàbò bo ilẹ̀ ìdọ̀tí bọ́gbọ́n mu, nítorí pé kò sí aládùúgbò tí yóò gbà kí wọ́n gbé ọkọ̀ bọ́là wá sí iwájú ilé òun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, kí àkìtàn ní ìwé ilẹ̀ tó lágbára ju ti ilé Ọlọ́run lọ, ẹ̀mí mi ò tíì gba ìyẹn tán.

Ètò náà wọ inú ilé pàápàá. Ìlànà ilé kíkọ́ wọn sọ pé olùgbé kò yẹ kó gbé ìdọ̀tí rìn ju mítà 30 lọ kó tó dé ibi tí garawa wà. Inú àwòrán ni ayàwòrán-ilé ti gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ hàn, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Owó orí náà ń tì wọ́n: ní 1996, pọ́n-ùn méje ni wọ́n ń san lórí tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ilé kan tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀, nígbà tó fi di oṣù kẹrin 2025, ó ti di £126.15. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ìdọ̀tí ilé ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tún lò, iye náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan láti bí ọdún mẹ́wàá. Ilé náà ṣì wọ́n bí ojú.

Ìjọ tó bá ṣì wà ní irú ilé ìkẹ́rùsí bẹ́ẹ̀ lè mọ ibi tó dúró sí kí lẹ́tà káńsù tó dé. Àkọsílẹ̀ ìyọ̀ǹda tí káńsù ti fún ilé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì ni wọn yóò fi wá a. Kò gba owó, kò sì gba lọ́yà.