Nígbà tí Omi Bá Gba Ara Ọmọ Inú

Nígbà mìíràn, omi máa ń gbára jọ sí ara ọmọ tí ó wà nínú oyún: sí abẹ́ awọ rẹ̀, sí inú ikùn rẹ̀, sí àyíká ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí omi bá ti wà ní ibi méjì lára rẹ̀, ewu ńlá ni. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kú kí a tó bí wọn. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Àmì ni omi náà; ohun tí ó fà á ni kí a wá.

Láyé àtijọ́, ohun tí ó sábà ń fà á ni pé ara ìyá ń bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, nítorí pé irú ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu. Láti nǹkan bí ọdún 1968 ni abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà ìjà náà ti wà. Ní ibi tí abẹ́rẹ́ yìí ti wọ́pọ̀, nínú ọmọ 10 tí omi gba ara wọn, nǹkan bí 9 ni ó jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó fà á. Ó lè jẹ́ àbùkù ọkàn, àìtó ẹ̀jẹ̀ ọmọ, tàbí àrùn tí ó ti ara ìyá wọlé, bíi syphilis. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ìbejì tí wọ́n jọ ń lo ibi kan ṣoṣo.

Báwo ni a ṣe ń wádìí rẹ̀? Échographie ni ó ń fi omi náà hàn. Dókítà yóò yẹ ọkàn ọmọ wò, yóò sì wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan orí rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tó. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá náà wò.

Ìtọ́jú tẹ̀ lé ohun tí ó fà á. Bí ó bá jẹ́ syphilis, abẹ́rẹ́ penicillin tí a fún ìyá ń dé ara ọmọ. Kí ọkọ náà gba ìtọ́jú, kí àrùn má baà padà. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò bá tó, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn tí ó ní ohun èlò lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nínú oyún. Dókítà Liley ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní New Zealand ní ọdún 1963. Àwọn àbùkù kan wà tí kò ní ìwòsàn. Nígbà náà, kí dókítà sọ òtítọ́ fún àwọn òbí, kí wọ́n sì jọ yan ibi tí a ó ti bí ọmọ náà.

Ìyá pàápàá lè wà nínú ewu. Bí ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, bí ikùn rẹ̀ bá yára tóbi jù, tàbí bí ọmọ kò bá mira mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ará Atakpamé àti ìgbèríko rẹ̀, kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò. Kí aboyún lọ rí agbẹ̀bí kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, kí ó béèrè àyẹ̀wò syphilis, kí ó sì ṣe échographie kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ìjọba Togo ti dá ètò Wezou sílẹ̀ láti dín ìnáwó aboyún kù. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín.